Ohun Tí Mi Ò Lè Kà fún Alhaja ní Agbowó

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni, mo ti dé o. Àwọn tó ní mo ti lọ fẹ́ ará Ìbàdàn, ẹ wá wò mí, ilé ìyá mi náà ni mo ṣì ń sùn. Mo lọ, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà fi wọ́n ṣe, mo jẹ oúnjẹ wọn, mo bá wọn jiyàn, mo sì kọ́ ohun kan tí mi ò mọ̀ pé mò ń lọ kọ́.

Ẹ ó rántí ìdí tí mo fi lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà méjìlá tí ọmọ ìlú wa kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun wà ní yàrá ọ̀gá iléèwé, wọ́n ti gbó, ohun tó wà nínú wọn ò gbéra mọ́. Olùkọ́ ìṣirò wa sì ti kó lọ sí Kùtọnù. Ó ní bí a bá lè ní kọ̀ǹpútà tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, òun á máa kọ́ àwọn ọmọ láti ibẹ̀, wọ́n á máa rí ojú òun, òun náà á máa rí tiwọn. Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń ṣe àkójọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Gbangba, pé ọ̀fẹ́ ni, pé Yorùbá ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ó sì ń jí kọ̀ǹpútà tó ti gbó dìde. Mo ki ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wa sínú àpò, ó di ọ̀nà.

Ojú ọ̀nà

Ẹni tí kò bá tíì kọjá Ìlárá rí kò ní gbà mí gbọ́. Ìlú kan ṣoṣo ni, apá kan ń ná sẹ́fà, apá kejì ń ná náírà, adìyẹ wọn sì ń kọjá síbi tó bá wù wọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní ìwé. Èmi ni wọ́n bi. Aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí àpò mi. Mo sọ fún un pé ọ̀dínátọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní kí ni ìyẹn. Mo fi hàn án, ó ní, "Áà, láptọ́ọ̀pù." Ó tún wò mí, ó ní, "Ṣé Yorùbá ni yín?" Mo ní, "Èwo la ti ń sọ látàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí títí mo fi dé. Láti Ìmẹ̀kọ dé Abẹ́òkúta, ìyá kan tó jókòó tì mí nínú mọ́tò ń bi mí ní ìbéèrè torí kí n ṣáà lè máa sọ̀rọ̀. Ó ní bí ìyá àgbà òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá ó ti ń bí mi nínú díẹ̀, torí mi ò tíì di ìyá àgbà ẹnikẹ́ni.

Dùgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá máa lọ: ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń pariwo mọ́ ọ kì í bá ọ jà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi ọkùnrin kan ní ọ̀nà Agbowó, ó bú mi pé ibo ni mo ti ń bọ̀ tí mi ò mọ Agbowó, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, àyà mi já, ó gbé e lọ sínú táksí kékeré kan, ó bá awakọ̀ jà nítorí mi pé kó má gba owó àlejò lórí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ kí n tó ráyè dúpẹ́. Mo jókòó, mo gbá àpò mi mọ́ra. Awakọ̀ ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ènìyàn dáadáa ni." Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò rí i rí.

A gba Mọ́kọ́lá, a gba Sángo. Mo ń wo gbogbo ènìyàn tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ń gbọ́ èdè mi láti ẹnu gbogbo wọn, síbẹ̀ mi ò mọ ẹnì kankan. Nílùú tí wọ́n ti ń sọ èdè mìíràn, ènìyàn á ti mọ̀ pé àlejò ni òun. Èyí tó bá mi ní Ìbàdàn yàtọ̀: mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ṣì jẹ́ àlejò.

Ilé Alhaja

Ilé alájà kan ni àwọn oní-Gbangba ń lò ní Agbowó. Alhaja Ràbíátù ló ni ilé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọmọ wọn ọkùnrin, Sùlè, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lókè. Ẹgbẹ́ mi ni Sùlè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́, ọmọ Ṣakí, ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Fúnkẹ́ ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, tó kúnlẹ̀, tó gba àpò mi, tó sì ti ń pè mí ní Àǹtí Kétu kí a tó wọlé.

Alhaja ò bi mí ní orúkọ. Wọ́n ní, "Agboolé wo?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "N ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó dáa pé o ní ọ̀kan." Wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, pé oúnjẹ ilé wa gan-an ni àwọn ti sè dè mí. Ara mi yá gágá. Nígbà tí mo ṣí abọ́, ẹ̀wà àgànyìn ni, pẹ̀lú ata dúdú tó ń ta ọ̀fun, àti búrẹ́dì. Wọ́n dúró kí n yìn ín. Mo wo ẹ̀wà, ẹ̀wà wò mí. N kò jẹ irú rẹ̀ rí ní Kétu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń sè é nìyẹn?" ni Alhaja wí.

"Ó tiẹ̀ dùn ju tiwa lọ, Màmá," ni mo fi dá wọn lóhùn, irọ́ kọ́ sì ni, torí tiwa ò sí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo bù sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sè é fún mi lẹ́yìn náà, torí pé wọ́n fẹ́ kí ara tù mí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Gbangba fún ẹni tí kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ò lè ṣe nǹkan kan láìsí ètò, ìyẹn ìlànà tí ènìyàn kọ fún un. Àwọn kan ń kọ ètò, wọ́n á sì tì í pa: ẹ lè lò ó, ẹ ò lè wo inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ tiwọn sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á, ẹni tó bá wù lè tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Irú ti ìkejì yìí nìkan ni Sùlè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣà jọ. Wọ́n ń yí i sí Yorùbá, wọ́n ń kó o sórí fíláàṣì fún iléèwé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń yan ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá mú ètò wá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pálọ̀ Alhaja, kó jókòó síwájú wọn, kó ṣí inú ètò náà, kó sì sọ ohun tó ń ṣe ní Yorùbá tó já gaara: ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ibi tó ń gbé e lọ. Bí Alhaja bá ní "Mo gbọ́," ó wọlé. Bí wọ́n bá ní "N ò gbọ́," ó di ẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé Alhaja mọ kọ̀ǹpútà. Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tó dá a sílẹ̀ ni áàpù kan tí wọ́n gbà sórí fóònù wọn nígbà kan, tó ń sọ àkókò ìrun. Áàpù náà kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹbí wọn lọ, àwọn àjèjì wá ń pe ẹbí káàkiri, wọ́n ń fi orúkọ Alhaja ta oògùn fún wọn. Ó dùn wọ́n gan-an. Láti ìgbà náà ni Sùlè ti ṣòfin pé ohun tí òun ò bá lè sọ yé ìyá òun, òun ò ní fún ìyá ẹlòmíràn.

Mo jókòó wo ọ̀kan. Fúnkẹ́ mú ètò kan wá tó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀.

"Níbo ló ń kó ohùn náà sí?" ni Alhaja bi í.

"Inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni, Màmá. Kì í gbé e jáde."

"Ta ló lè pa á rẹ́?"

"Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni."

"Fi ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ hàn Sùlè."

Fúnkẹ́ fi hàn án, Sùlè kà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja ní, "Mo gbọ́." Ẹ wò ó, mo ti ń kọ́ ọmọ ní iléèwé ọjọ́ ti pẹ́, mi ò rí ìdánwò tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Gbangba sínú kọ̀ǹpútà tí mo gbé wá. Ó jí. Ó kí mi káàbọ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí. Omi bọ́ lójú mi, ojú sì tì mí. Gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́, àfi ẹyọ kan: kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sùlè yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ẹ̀rọ wáí-fáì tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa, àfi ètò tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn kọ ló lè mú un ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ti ètò náà pa. Ó ní, "Kò sí nínú Gbangba, Àǹtí. Kò sì ní sí níbẹ̀."

Mo ní ìṣirò àwọn ọmọ ńkọ́. Fúnkẹ́ ló dáhùn.

"Bọ̀dá Sùlè, ṣebí òmìnira là ń polówó. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni kó yan ohun tó fẹ́ fi sínú rẹ̀."

"Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò, kí ló yàn? Ó kàn lanu ni."

"Ẹni tí ebi ń pa ńkọ́?"

"Fúnkẹ́, tí a bá ti gba ọ̀kan wọlé, kí ló máa mú kí àwọn tó ń ti nǹkan pa ṣí i? Wọ́n á ní ṣebí ẹ ti ń lò ó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá ń fi àwọn ọmọ Kétu ja ogun yẹn."

Sùlè dìde, ó lọ ṣí fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Èmi ò mọ ta ni kí n gbè lẹ́yìn. Bí Sùlè bá sọ̀rọ̀, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí Fúnkẹ́ bá fèsì, mo tún gbà.

Ring Road

Sùlè ní ẹ̀rọ wáí-fáì kéékèèké kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ètò tirẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bí a bá rí méjìlá, ìjà tán. Èmi àti Fúnkẹ́ bá jáde lọ wá a.

A rin Ring Road dé Challenge. Mo gbádùn àwọn ọlọ́jà wọn. Ẹnì kan fi Ọlọ́run búra pé tòun á ṣiṣẹ́ kí a tó sọ ohun tí a fẹ́. Òmíràn, nígbà tí Fúnkẹ́ bi í pé ta ló kọ ètò ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wò wá bí ẹni tí a bi ní orúkọ bàbá ẹran tó ń tà. Ìyá kan ní òun ò ní irú rẹ̀, ó fún wa ní àga pé kí a sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé àwa ará Kétu ló ni gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo ní àwa la ni ín. Ó ní àwọn ará ibòmíràn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. A jiyàn díẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a lọ.

Ẹyọ kan ṣoṣo la rí. A ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, a dúró lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀bù kan, ìgbà yẹn ni Fúnkẹ́ sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀ ní Ṣakí, ó tún ń kọ́ àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi. Fúnkẹ́ fi Gbangba sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, wáí-fáì ò ṣiṣẹ́. Nígbà tí Fúnkẹ́ tún padà lọ sílé, ó rí i pé bàbá ti fi Gbangba sílẹ̀, ó ti padà sídìí èyí tí wọ́n tì pa látòkè délẹ̀.

"Nítorí ẹyọ ètò kan tí a kọ̀ láti fún wọn, Àǹtí, wọ́n pàdánù gbogbo ìyókù. Wọn ò tiẹ̀ bínú sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ètò wáí-fáì tí wọ́n tì pa yẹn wà lọ́wọ́ òun, òun lè fi sí kọ̀ǹpútà mi báyìí, kí òun sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi sí ìyókù. Bọ̀dá Sùlè ò ní mọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ gbà. Mo ti rí ojú àwọn ọmọ náà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹ̀wà Alhaja, mi ò lè gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ẹ sì mọ̀ mí, ó ń yún mi láti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Mo ní, "Jẹ́ kí n lọ kà á fún Alhaja."

"Kò ṣeé kà, Àǹtí."

"Jẹ́ kí n lọ sọ pé kò ṣeé kà nígbà náà."

Pálọ̀

Mo jókòó síbi tí Fúnkẹ́ jókòó sí lọ́jọ́sí. Sùlè wà lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ ká àyà. Fúnkẹ́ bá mi ṣí ètò náà, ohun tó hàn sí wa dà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀: àmì níbí, àmì lọ́hùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú.

"Kí ló ń ṣe?" ni Alhaja wí.

"Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí íńtánẹ́ẹ̀tì, Màmá."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà."

"N ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n sọ. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí níbẹ̀?"

Mo wo kọ̀ǹpútà, mo wo Fúnkẹ́. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Wọ́n ti tì í pa."

"O sì fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ gidi gan-an." Mo bá sọ ti ìdánwò, mo sọ ti olùkọ́ ìṣirò tó wà ní Kùtọnù, mo sọ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a rí rà. Wọ́n gbọ́ mi tán. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò fà á.

"Ta ló máa lò ó?"

"Àwọn ọmọ iléèwé wa ni."

"Àwọn òbí wọn mọ̀ pé o ò rí inú rẹ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"O máa sọ fún wọn?"

Ẹ̀yin òbí, ó yẹ kí n ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kíá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò tíì wá sí mi lọ́kàn. Mo ti ń rò ó pé èmi, Sùlè àti Fúnkẹ́ la ni ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"N ò gbọ́," ni Alhaja wí. "Kò lè wọ inú ti Sùlè. Ṣùgbọ́n ta ni mí sí kọ̀ǹpútà Kétu? Lọ kà á fún àwọn tó ni ín."

Sùlè ní, "Màmá, bí àwọn yẹn bá ní kí wọ́n fi sí i láìmọ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ti mọ̀ pé àwọn ò mọ inú rẹ̀. Èmi, nígbà tèmi, ẹnì kankan ò sọ fún mi."

Sùlè jáde sí ìta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ní òun ò ní fi ọwọ́ òun ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ òun. Bí Fúnkẹ́ bá fẹ́, kó kó o sórí fíláàṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó so òwú pupa mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Gbangba ni. Fúnkẹ́ so òwú náà. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, Sùlè fúnra rẹ̀ ló gbé àpò mi dé ibùdókọ̀, ó ń kọ́ mi ní bí mo ṣe máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Kò dárúkọ fíláàṣì yẹn rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rè é. Mo ti fi Gbangba sínú gbogbo kọ̀ǹpútà wa, àwọn ọmọ sì ti ń fi wọ́n kọ̀wé. Ẹ̀rọ wáí-fáì kan tí a rí ní Challenge wà lára ọ̀kan, ìyẹn nìkan ló ń rí olùkọ́ ìṣirò wa. Bí a bá fi í mọ bẹ́ẹ̀, gbogbo kíláàsì á máa rọ́ yí ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ká, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì ní rí nǹkan kan. Bí a bá fi ètò olówùú pupa sí ìyókù, gbogbo wọn á rí i, gbogbo wọn á lè bi í ní ìbéèrè.

Mi ò lè sọ fún yín ohun tí ètò náà ń ṣe. Àwọn tó ṣe é ní wáí-fáì nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i, mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè fi jẹ́rìí sí wọn. Ohun tí àwọn ọmọ yín bá kọ, orúkọ wọn, ojú wọn, ẹ̀rọ tí ètò yẹn ń darí ni gbogbo rẹ̀ máa gbà kọjá.

Èrò tèmi ni pé kí a fi sí i. Màá sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé òbí, màá sì sọ ọ́ kíkankíkan, torí àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ yege. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa dáhùn. Bí ẹ bá ní kí n fi sí i, ojú yín ni màá ti fi sí i. Bí ẹ bá ní kí n má fi sí i, inú á bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín, inú á bí mi gan-an, mi ò sì ní fi sí i.